Ìkọ́ tó ń ṣí fúnra rẹ̀: èsì fún oníṣẹ́ sólà kan ní Àpáta

“Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ sólà àti ínfátà ni mò ń ṣe ní agbègbè Àpáta níbí n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 27 ni mí. Ara bẹ́líìtì ni mo máa ń kọ́ ìdì kọ́kọ́rọ́ mi, tẹ́sítà, téèpù àti tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí. Láàárín ọdún kan péré, ìdì kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sọnù lẹ́ẹ̀mẹta, kọ́kọ́rọ́ ilé oníbàárà sì wà nínú èyí tó sọnù gbẹ̀yìn. Gbogbo ìkọ́ tí mo rà ló nípọn, tó sì ń dán. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ wá irú èyí tí àwọn tó ń gun òkè ń lò, tí wọ́n kọ kN sí lára, pé òun ló lágbára jù. Ṣé òótọ́ ni? Ìkọ́ wo gan-an ni kò ní í bọ́? Ìyàwó mi tó ń tajà ní Bódìjà náà ń bèèrè bóyá irú rẹ̀ lè wúlò fún òun, torí etí ìró ló máa ń so kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́.”

Àbúrò mi, mo kí ọ kú iṣẹ́. Mo bá ọ kẹ́dùn ti kọ́kọ́rọ́ oníbàárà yẹn, torí owó kọ́kọ́rọ́ tuntun kọ́ ló ń dunni nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú tí wọ́n á fi máa woni lẹ́yìn rẹ̀ ni. Bí mo ṣe ka ìwé rẹ, orúkọ ìkọ́ kan lo fẹ́, kó o lọ rà á kí ọ̀rọ̀ parí. Màá dárúkọ rẹ̀ fún ọ. Àmọ́ tí mo bá dárúkọ rẹ̀ báyìí, tó o sì lọ kọ́ ọ síbi tó o ń kọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀ sí, wàá tún kọ̀wé sí mi kí ọdún tó yí po. Iṣẹ́ awọ ni mò ń ṣe: bẹ́líìtì, báàgì, àpò irinṣẹ́. Àwọn tó ń wá bá mi nítorí ọ̀rọ̀ tìrẹ yìí kì í sábà mú ìkọ́ tó ṣẹ́ wá. Ìkọ́ tó ṣì pé pérépéré ni wọ́n máa ń nà sí mi, wọ́n á ní, “Ọ̀gá, ẹ wò ó, kò ṣẹ́, kò tẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀ mọ́.” Mo fẹ́ kó o lọ wo àwọn ìkọ́ tìrẹ náà. Mo gbà pé ó kéré tán, méjì nínú wọn ò lábùkù kankan.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kN tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ kúrò nílẹ̀. Òṣùwọ̀n ìfà ni, kilonewton ni wọ́n ń pè é. Ìlànà kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù fún ìkọ́ àwọn tó ń gun òkè, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ karabínà. EN 12275 ni wọ́n pe ìlànà náà, ó sì ní kí oríṣi tó wọ́pọ̀ jù lè gba ìfà 20 kN ní òòró nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá wà ní títì, àti 7 kN tí wọ́n bá fà á ní ìbú. Tí a bá fi ojú ìwọ̀n tiwa wò ó, 20 kN dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹrù bíi tọ́ọ̀nù méjì kọ́ sí i lára. Àpapọ̀ ohun tó wà ní ìbàdí rẹ, kọ́kọ́rọ́, tẹ́sítà, téèpù, tọ́ọ̀ṣì, bóyá ni yóò pé kílò méjì. Ẹrù rẹ ò já ìkọ́ kankan rí. Ìkọ́ tó lè gbé mọ́tò kúrò nílẹ̀, ọmọdé lè fi àtàǹpàkò ṣí ẹnu rẹ̀, nítorí wọ́n ṣe é kó lè ṣí ni. Ká má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ níbí tó jọ karabínà, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni, wọ́n tiẹ̀ sábà máa ń kọ ọ́ sí i lára lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kì í ṣe fún gígun òkè. Ó tó fún kọ́kọ́rọ́. Kò tó fún ènìyàn, màá sì padà sórí ìyẹn torí pé orí òrùlé ni iṣẹ́ rẹ wà.

Ó yá, mú ìkọ́ kan dání kí a jọ wò ó. Ara rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, irin kékeré kan dí ẹnu rẹ̀, sípíríǹgì ló sì ń ti irin náà padà sípò. Jẹ́ ká pe irin kékeré yẹn ní ahọ́n. Inú ni ahọ́n yìí máa ń ṣí sí. Ilẹ̀kùn tó bá ń ṣí sínú, ẹni tó wà níta ló ń fara tì í tí yóò fi ṣí, kì í ṣe ẹni tó wà nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkọ́ rẹ. Ohunkóhun tó bá fara ti ahọ́n láti ìta yóò ṣí i: etí àga mọ́tò, bẹ́líìtì ààbò inú ọkọ̀, irin ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá, igi àkàbà tó ò ń gùn. Ọ̀nà kan nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ò fura sí, òun ni mo sì rò pé ó ń ṣe ọ́. Òrùka kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ìkọ́. Nígbà tó o bá lóṣòó de wáyà, tàbí tó o gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ìdì kọ́kọ́rọ́ á yí lọ́rùn. Apá kan òrùka á ṣì wà nínú ìkọ́, apá kejì á gun imú ìkọ́ kọjá, á wá tẹ́ sórí ahọ́n láti ìta. Bó o bá ti dìde báyìí, ìwúwo kọ́kọ́rọ́ á fa òrùka wálẹ̀, òrùka á ti ahọ́n wọlé, á yọ́ jáde, sípíríǹgì á sì ti ahọ́n padà kíá. Tó o bá wò ó lẹ́yìn náà, ẹnu ìkọ́ wà ní títì gbọningbọnin. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń rò pé ènìyàn ló yọ kọ́kọ́rọ́ àwọn, tí wọ́n á sì máa fura sí ọmọ iṣẹ́.

O lè dán an wò nínú ilé lónìí. Fi ọwọ́ kan di ìkọ́ mú ṣinṣin, fi ọwọ́ kejì mú òrùka kọ́kọ́rọ́, kó o máa yí i sọ́tùn-ún sósì, kó o sì máa tì í lu ara ìkọ́ bí ìgbà tí ara rẹ bá ń tì í. Tí ìwọ̀n òrùka àti ti ìkọ́ ò bá bára mu, kò ní í pẹ́ kó tó bọ́. Àwọn kan gbà pé sípíríǹgì líle ni oògùn rẹ̀. Irọ́ ni, tàbí ká sọ pé kò kún tó. Òrùka tó ti gun ahọ́n ní agbára ju ìka rẹ lọ, torí gbogbo ara rẹ tó ń dìde ló ń fà á. Ohun kan ṣoṣo tí sípíríǹgì líle ń ṣe dájú ni pé ó ń jẹ́ kí ó sú ènìyàn láti ṣí i, títí tó fi máa kọ́ nǹkan sí i ní ààbọ̀ láìmọ̀. Oògùn rẹ̀ gan-an jẹ́ méjì: kí ọrùn ìkọ́ lè yí, kí yíyí náà tán sí ọrùn kó má dé ahọ́n; kí ẹnu rẹ̀ má sì ṣe irú èyí tí títì lásán lè ṣí.

Kí n tó sọ irú ìkọ́ tó ní méjèèjì, jẹ́ ká wo ibi tó o kọ́ ọ sí, torí mo ti rí ìkọ́ dáadáa tó ń fìyà jẹ olówó rẹ̀ nítorí ibi tí wọ́n so ó mọ́. Ara bẹ́líìtì lo pè é, ṣùgbọ́n bó o bá dà bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, lúùpù ṣòkòtò tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá gan-an lo ń kọ́ ọ sí. Lúùpù ṣòkòtò ò wà fún ẹrù. Telọ kàn fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rán an lókè àti nísàlẹ̀ kó lè mú bẹ́líìtì dúró ni. Bó o bá ń kọ́ kọ́kọ́rọ́ sí i lójoojúmọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ já, á máa fì dirodiro, lọ́jọ́ kan á sì bá ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ. Èyí tó burú tẹ̀ lé e ni kílíìpù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi há etí bẹ́líìtì látòkè, irú ti àpò fóònù. Nígbà tó o bá jókòó, àga á ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, kílíìpù á gòkè díẹ̀. Nígbà tó o bá jókòó lẹ́ẹ̀kejì, á tún gòkè. Kò sí ohun tó ń dá a padà. Ohun tó bá máa dúró ní ìbàdí gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí bẹ́líìtì gba inú rẹ̀ kọjá, tó jẹ́ pé àfi tó o bá tú bẹ́líìtì kó tó lè kúrò.

Wo òrùka kọ́kọ́rọ́ náà, òrùka onílọ̀ọ́po méjì tí a máa ń fi èékánná là. Bí a bá ti fi nǹkan tó nípọn là á ju bó ṣe yẹ lọ, kì í padà sípò mọ́, ẹnu rẹ̀ á yà sílẹ̀ díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á sì máa rìn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kan tàbí méjì ló ń sọnù lára ìdì rẹ, má wulẹ̀ bá ìkọ́ jà. Pààrọ̀ òrùka.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe ìkọ́, nípọn àti dídán ò sọ nǹkan kan fúnni. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa, láti Gbági dé Ògùnpa, síǹkì ni wọ́n yọ́ dà. Síǹkì ń yọ́ ní nǹkan bí 420 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí idẹ ń fẹ́ iná tó ju 900 lọ, nítorí náà ó rọrùn, kò sì náni lówó púpọ̀ láti da síǹkì sínú àwòṣe lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n á wá fi ohun dídán bò ó, ó lè jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, ó lè jẹ́ aláwọ̀ wúrà. Síǹkì lè gbé ẹrù tó dúró jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ lílù, kò sì fẹ́ títẹ̀. Kì í tẹ̀ kó tó ṣẹ́, ṣíṣẹ́ ló máa ń ṣẹ́ lójijì, ọrùn tó ń yí yẹn ló sì sábà máa ń ti ṣẹ́. Irin tí wọ́n fi nǹkan bò lára lágbára ju síǹkì lọ, àmọ́ ní ọjọ́ tí ohun tí wọ́n fi bò ó bá ha, ìpẹtà á wọ̀ ọ́, òjò Ìbàdàn ò sì lójú àánú. Idẹ ni mo fẹ́ràn jù. Kò lè dógùn-ún, ọrùn rẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀ tó fi jẹ́ pé wàá rí i kó tó já, ohun tó sì ń ṣe é kò ju pé òógùn lè jẹ́ kó ní àwọ̀ ewé. Sítéńlẹ́ẹ̀sì dáa ju idẹ lọ fún ẹni tí òjò ń pa, bó o bá rí ojúlówó. Ṣùgbọ́n rántí pé inú ìkọ́ idẹ gan-an, sípíríǹgì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irin. Ohun tó kọ́kọ́ máa kú nínú rẹ̀ nìyẹn, o kò sì lè fi ojú rí i.

Bó o bá dé ọjà, mú mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kan dání, ti inú spíkà tó ti bàjẹ́ tó. Bí ó bá gbá ara ìkọ́ mú, irin ni wọ́n sábà máa ń bò. Bí kò bá gbá a mú, ó lè jẹ́ síǹkì, ó lè jẹ́ idẹ, ó lè jẹ́ sítéńlẹ́ẹ̀sì. Fáìlì ni yóò parí ẹjọ́ tó kù: ha ibi kọ́lọ́fín kan lára rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá pọ́n bí ó ti pọ́n lójú, idẹ ni. Bí ó bá funfun bí eérú lábẹ́ àwọ̀ wúrà, síǹkì ni wọ́n ń tà fún ọ. Ontàjà ò ní í gbà kó o fi fáìlì ha ọjà òun, kò sì jẹ̀bi. Ra ẹyọ kan, gbé e lọ sílé, ha á níbẹ̀, kó o tó padà lọ rà tó bó o ṣe fẹ́. Kí o tó sanwó, ṣí ẹnu rẹ̀ kó o sì tì í lọ́pọ̀ ìgbà, kó o wò ó bóyá ó ń padà tán lójú ẹsẹ̀. Mì í sétí, kí o gbọ́ bóyá ọrùn rẹ̀ ti ń dún gbangan nígbà tó ṣì wà ní tuntun.

Ní báyìí, orúkọ tí mo ṣèlérí. Ìkọ́ tí wọ́n ń fi sí ẹnu okùn ajá ni kó o wá, kì í ṣe oríṣi tí ahọ́n rẹ̀ ń ṣí sínú o, èyí tó jẹ́ pé píìnì kékeré kan ló ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ihò, tó ní orí ṣóńṣó kékeré tí à ń fi àtàǹpàkò fà sẹ́yìn. Ìkọ́ onípíìnì ni mo ń pè é. Píìnì yìí ò ṣí sínú, kò ṣí síta, gígùn ara rẹ̀ ló ń rìn. Àga lè tì í, òrùka lè gùn ún, ìbàdí lè tẹ̀ ẹ́. Àfi kí nǹkan kan fa orí píìnì náà sẹ́yìn kó tó ṣí, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ń wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi, tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí ara, irú èyí ni wọ́n yàn láàyò, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún ara wọn nípa ìkọ́ aláhọ́n, torí okùn inú omi lè ti ahọ́n rẹ̀ wọlé kó sì há onítọ̀hún mọ́ ibẹ̀. Ra èyí tí ọrùn rẹ̀ ń yí, tó sì jẹ́ idẹ tàbí sítéńlẹ́ẹ̀sì. Àbùkù tó ní ni pé ó nira láti ṣí bí ọwọ́ bá kún fún gírísì tàbí tí o bá wọ ìbọ̀wọ́, iyẹ̀pẹ̀ tó bá sì wọ ihò píìnì lè jẹ́ kó há sí ààbọ̀.

Karabínà tó ní ìdérí onísìkúrú lẹ́nu náà dáa, ó sì rọrùn láti rí. Àmọ́ ìdérí náà máa ń tú bí ara bá ń gbọ̀n, ọ̀kadà lójú ọ̀nà tó ní kòtò sì mọ bí a ṣe ń gbọn nǹkan. Bó o bá máa lò ó, yí i kọ́ kó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ìdérí máa ń lọ nígbà tó bá ń dí. Bó bá fẹ́ rìn fúnra rẹ̀, dídí ni yóò máa dí. Lúùpù awọ tí orí rẹ̀ ní bọ́tìnnì títẹ̀, mo ń ṣe é fún téèpù àti tọ́ọ̀ṣì, torí kíá ni ọwọ́ ń ṣí i, ṣùgbọ́n n kò ní í fi kọ́kọ́rọ́ oníbàárà sínú ẹ̀. Ti okùn tó ń fà jáde tó sì ń wọlé padà, káàdì ibi iṣẹ́ ló wà fún. Kọ́kọ́rọ́ wúwo jù fún un, okùn inú rẹ̀ á ya. Onímágnẹ́ẹ̀tì, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì. Ìdọ̀tí irin orí iṣẹ́ rẹ ni yóò kó jọ.

Kí o má baà rò pé sípíríǹgì ni olórí ohun gbogbo, ní ilẹ̀ Jàpáànù láyé Edo, láàárín ọdún 1603 sí 1868, aṣọ kimono tí wọ́n ń wọ̀ ò lápò bíi ti ṣòkòtò wa. Wọ́n á so àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní inrō mọ́ okùn, okùn náà á gba abẹ́ ọ̀já ìbàdí kọjá, wọ́n á sì so nǹkan gbígbẹ́ kékeré kan, netsuke, sí orí kejì rẹ̀ lókè ọ̀já. Netsuke yẹn tóbi ju ohun tó lè yọ́ gba abẹ́ ọ̀já lọ, nítorí náà kò sí bí àpótí ṣe máa bọ́ sílẹ̀. Èmi náà máa ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tí kò fẹ́ irin lára rárá: ọsán awọ ewúrẹ́, irú èyí tí wọ́n ń fi wọ dùndún, pẹ̀lú kókó títa àti igi kékeré kan. Kò yá láti tú. Ẹni tó ń yọ kọ́kọ́rọ́ ní gbogbo ìgbà lóòjọ́ ò ní í fara dà á, ṣùgbọ́n fún ohun tí o kì í yọ títí di alẹ́, n kò tíì rí èyí tó dá mi lójú jù ú lọ.

Ibi tó o máa so ìkọ́ onípíìnì mọ́ ló kù. Gbé bẹ́líìtì rẹ lọ bá ṣọbàtà tàbí oníṣẹ́ awọ tó ń fọwọ́ rán nǹkan. Wo etí bẹ́líìtì náà kó o tó lọ: bó bá jẹ́ pé páálí tàbí aṣọ lo rí láàárín rọ́bà méjì, kì í ṣe awọ, kò sì yẹ kó o náwó lé e lórí. Bẹ́líìtì iṣẹ́ yẹ kó nípọn tó mílímítà 3.5 sí 4, kó sì fẹ̀ tó mílímítà 38 tí lúùpù ṣòkòtò jíǹsì máa ń gbà. Ní kí ó gé awọ kan bíi ìka méjì ní fífẹ̀, kó ká a yí bẹ́líìtì ká, kó fi òrùka idẹ tó ní ìrísí D sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó sì rán an pa, kí bẹ́líìtì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Má ṣe jẹ́ kó gba ihò lu ara bẹ́líìtì fúnra rẹ̀. Ihò tó bá sún mọ́ etí awọ, ibẹ̀ ni yóò ti ya. Ní kí ó fi ìlu lu ihò, kí ó sì fi abẹ́rẹ́ méjì àti okùn tí wọ́n fi ìda pa rán an. Bí wọ́n ṣe ń rán an nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kan ń lọ tí èkejì ń bọ̀ nínú ihò kan náà. Bí okùn kan bá já lójú kan, èkejì ṣì dì í mú. Ti ẹ̀rọ ò rí bẹ́ẹ̀, bí ó bá já níbì kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ. Bí ó bá fẹ́ fi rífẹ́ẹ̀tì kan kún un, kò burú, ṣùgbọ́n kí rífẹ́ẹ̀tì má dá iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ̀yìn egungun ìbàdí díẹ̀ ni kí ó wà, ní apá tí o fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá wà níwájú, gbogbo ìgbésẹ̀ àkàbà ni yóò máa gbá a. Bó bá wà ní àárín ẹ̀yìn gan-an, ọjọ́ tó o bá ṣubú fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ohun líle yẹn ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ máa bá pàdé. Má sì ṣe kó gbogbo ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Iṣan kan ń gba iwájú ìbàdí kọjá lọ sí itan, bẹ́líìtì tó fún tó sì wúwo lè tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀gbẹ́ itan á fi máa kú tàbí máa ta ènìyàn bí ẹ̀gún. Tú bẹ́líìtì sílẹ̀ díẹ̀ kó o sì dín ẹrù kù. Bí kò bá lọ, dókítà ló kù, kì í ṣe oníṣẹ́ awọ.

Mo sọ pé màá padà sórí òrùlé. Ìkọ́ bẹ́líìtì, ì báà jẹ́ ojúlówó karabínà, kò wà láti di ìwọ mú. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó so okùn mọ́ bẹ́líìtì ṣòkòtò lórí páànù, tó ní ààbò lòun ṣe. Bí ènìyàn bá já lulẹ̀ tí bẹ́líìtì ìbàdí nìkan sì gbà á dúró, bẹ́líìtì náà lè já, bí kò bá sì já, ó lè ṣe inú rẹ̀ léṣe. Ìgbànú ààbò tó gba èjìká àti itan kọjá ni iṣẹ́ yẹn wà fún. Ní ti irinṣẹ́, sìkúrúdíráfà àti tẹ́sítà dáa kí okùn so wọ́n mọ́ ìbàdí, torí ènìyàn ń kọjá nísàlẹ̀. Èyí tó bá wúwo ju bíi kílò méjì lọ, irú ẹ̀rọ tí a fi ń lu ògiri, ara ilé tàbí àkàbà ni kó o so ó mọ́, kó má baà fà ọ́ lọ nígbà tó bá já bọ́.

Ohun tí o kò bèèrè, tó sì bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé rẹ, ni pé o ń gbé ìdì irin kiri létí bátìrì. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yẹn jù mí lọ, o mọ̀ pé bátìrì 220Ah tó ní fóltì 12 lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún áńpíà jáde lẹ́ẹ̀kan bí irin bá dábùú orí méjèèjì. O lóṣòó láti mú nọ́ọ̀tì, ìdì kọ́kọ́rọ́ fì síwájú, ó gbá orí bátìrì. Irin á gbóná pupa, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì olómi sì lè gbiná. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ìkọ́ rẹ jẹ́ èyí tí kò ṣeé yọ kíákíá, tí n kò sì fẹ́ ṣéènì kankan lára rẹ. Kí o tó ṣí àpótí bátìrì, fa píìnì yẹn sẹ́yìn, yọ ìdì náà, gbé e sínú àpò irinṣẹ́, kó o wá kọ́ ọ padà nígbà tó o bá parí. Bó o bá fẹ́ kí ó rọrùn fún ọ, ní kí oníṣẹ́ awọ ṣe àpò kékeré onídèérí tí ìdì náà lè wọ̀, kó má máa fì.

Ìtọ́jú rẹ̀ ò pọ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, eruku á wọ ihò píìnì. Fi omi ọṣẹ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, kó o kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ kan sí i. Má fi òróró tàbí epo pupa sí i, á dì gbagidi nínú rẹ̀ láìpẹ́. Awọ fẹ́ òrí díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ ni mo wí, torí bí ó bá pọ̀ jù, awọ á rọ̀, ihò rẹ̀ á sì máa fẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá rí i pé ọrùn ìkọ́ ti jẹ tó fi ń jó nínú ihò rẹ̀, tàbí tí píìnì bá ń lọ́ra kó tó padà, má tún un ṣe. Ra òmíràn.

Gbogbo èyí kò lè dá olè dúró. Ẹni tó bá fẹ́ gé nǹkan ní ìbàdí ènìyàn láàárín èrò Ìwó Road, abẹ lásán ló nílò. Fún kọ́kọ́rọ́ oníbàárà, èrò tèmi ni pé kó má sí lára bẹ́líìtì rárá. Àpò onísíìpù inú ṣòkòtò ni kó wà, lórí òrùka tirẹ̀, láìkọ àdírẹ́sì ilé kankan sí i, kó o sì dá a padà fún olówó rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tìrẹ nìkan ni kó máa wà lórí ìkọ́.

Ní ti ìyàwó rẹ, bá mi kí i. Etí ìró ò burú bó ṣe dà bíi pé ó burú, torí kókó tó bá ta dáadáa kì í ṣí fúnra rẹ̀. Ohun tó ń da kọ́kọ́rọ́ nù ni pé ìró máa ń tú, tàbí kí ó tún un ró láàárín ọjà nígbà tí oníbàárà ń pè é. Ìkọ́ tìrẹ ò lè bá a mu, kò sí bẹ́líìtì tó máa gbé e. Tòbí tí àwọn ìyá wa ń wọ̀ sábẹ́ ìró láti kó owó sí ló yẹ ẹ́. Kí telọ rán òrùka idẹ kékeré kan sínú ẹnu àpò tòbí náà, kí ó fi aṣọ onílọ̀ọ́po méjì tì í lẹ́yìn kó má baà ya, kí ó so ìkọ́ onípíìnì tó kéré jù mọ́ okùn tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan níbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, á fa okùn náà jáde láìyọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí rẹ̀, bí ó bá sì ti ṣí i tán, á jù ú padà sínú àpò.